Pẹ̀lẹ́ Ni Ọmọ Mi Ní Lọ́kàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, àyà mi ń já. Bí fóònù bá ti dún báyìí, n kì í fẹ́ gbé e, nítorí ọmọ mi Mọ́dínà tó wà ní Ìlú Ọba ń retí ìdáhùn lẹ́nu mi, mi ò sì mọ ohun tí n ó sọ mọ́. Ìmọ̀ràn tí mo kọ́kọ́ fún un ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Abúlé kan lẹ́bàá Ìjàyè ni mo ń gbé, ẹ̀gẹ́ ni a ń gbìn. Mọ́dínà ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan tí wọ́n kó wọn jọ sí lọ́hùn-ún. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sínú ìwé tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ ilé wa sí, bó ṣe sọ ọ́ fún mi. Ní ọjọ́ Àlàmísì, baba kan yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Mọ́dínà kò sí níbẹ̀. Yàrá ìyá arúgbó kan ló wà, ó ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin baba náà dé tó ń sunkún, Mọ́dínà tẹ̀ríba, ó ní, "Sọ́rì, mà, sọ́rì." Ṣebí bí a ṣe ń kí ara wa nìyẹn? Bí ẹni tí n kò mọ̀ rí bá fẹsẹ̀ kọ lọ́nà oko, ṣé n kò ní sọ pé pẹ̀lẹ́ ni? Ṣé èmi ni mo gbé òkúta síbẹ̀ ni?

Àṣé lójú tiwọn, ó ti gbà pé òun jẹ̀bi nìyẹn! Obìnrin náà fẹjọ́ sùn, ọ̀gá ilé náà sì ní kí Mọ́dínà wá ṣàlàyé. Ó pè mí kó tó lọ.

"Ìyá mi, kí ni kí n sọ?"

"Má bá wọn jiyàn o. Má wo ọ̀gá lójú. Ṣáà máa bẹ̀ wọ́n."

"N kò ṣe nǹkan kan kẹ̀!"

"Mo mọ̀. Ṣé owó ni wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ ni?"

Ó ṣe bí mo ti wí. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó ń wo ilẹ̀, ó ń bẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti jẹ́wọ́, pé kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé. Àbúrò mi ọkùnrin gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an lẹ bá a jẹ́wọ́ o!" N kò lè rẹ́rìn-ín.

Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti sọ fún Mọ́dínà pé kó nàró, kó wò wọ́n lójú, kó má sọ sọ́rì kankan. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó pè mí láàárọ̀ yìí pé baba náà ti kú, ọmọ rẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀. Báwo ni ọmọ tí mo tọ́ ṣe máa jókòó ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, tí kò ní kí i? Bó bá sì kí i ńkọ́, tí wọ́n ní òun ló pa baba náà?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé lọ́hùn-ún rí, ẹ gbà mí o. Kí ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí baba rẹ̀ kú, tí kò ní di ẹ̀sùn sí ẹni lọ́rùn?