Ìdodo Kò Ní Ọ̀tún, Kò Ní Òsì

Òótọ́ kan wà tí mo ti gbé mì fún ọdún méjìlélógún. Òní ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọ́nnu ná, torí ìfọ́nnu ló bí ẹ̀ṣẹ̀ náà. Nínú gbogbo àwa tí à ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọdé, èmi ni wọ́n ń pè ní Ọwọ́-Òwú. Bí ìpá bá mú ọmọ ọdún méjì, àwọn yòókù á la abẹ́ ikùn rẹ̀. Èmi á ti ẹ̀rọ ayàwòrán tí kò tó pẹ́ńsù gba ìdodo rẹ̀ wọlé, n á máa wo inú rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, kí n sì rán ihò tí ìfun ń gbà yọ. Kí omi tó hó lórí iná, mo ti parí.

Lọ́jọ́ náà, oníṣègùn mẹ́fà wá wòran mi. Apá ọ̀tún ni ìpá ọmọkùnrin náà wà. Bó bá ń sunkún, á yọ bí ẹyin; ṣùgbọ́n bí oògùn oorun ti gbé e lọ, ó wọlé padà, ọ̀tún àti òsì wá jọra bí ìbejì. Nọ́ọ̀sì mi ní kí n dúró kí òun ka ìwé ọmọ náà sókè, bí a ti máa ń ṣe kí abẹ tó kan ara. Mo ní ojú mi ni ìwé. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn mọ́ mi, èmi òmùgọ̀. Mo rí ihò kékeré kan lápá òsì, mo rán an, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ tó lè wo apá méjèèjì, mi ò yí i síbì kan.

Ọmọ jí, ó ké, ìpá yọ lápá ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo wo ilẹ̀. Dókítà tó fún ọmọ lóògùn oorun wo àjà, ibẹ̀ ló sì ń wò títí ó fi fẹ̀yìn tì. A tún fi oògùn gbé ọmọ sùn lẹ́ẹ̀kejì. Mo rán apá ọ̀tún, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ dá fún ìṣẹ́jú kan kó tó padà.

Ìwádìí ń bọ̀. Ká ní abẹ àtijọ́ ni, ojú ọgbẹ́ ì bá tú mi fó. Ṣùgbọ́n ìdodo kò ní ọ̀tún, kò ní òsì; ìwé nìkan ló kù tó lè sọ apá tó yẹ kí n rán. Mo gbé ìwé ọmọ náà wọ yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo fi bírò pa "ọ̀tún" rẹ́, mo fara wé ìkọ̀wé nọ́ọ̀sì, mo kọ "òsì". Mo sọ fún ìyá ọmọ pé nọ́ọ̀sì ló ṣì í kọ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ohùn rẹ̀ fi há.

Níwájú ìgbìmọ̀, nọ́ọ̀sì ní òun kọ́ ló kọ ọ́. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́." Mo sọ ọ́. Mo ní ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta kan. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní báyìí tí jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ̀dọ̀ mi tán, mo ránṣẹ́ pe ìyá ọmọ náà, ọmọ rẹ̀ àti nọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀. Ìyá ọmọ sunkún. Ọmọ rẹ̀, tó ti di géńdé, ní òun dárí jì mí. Ni èmi náà bá bú sẹ́kún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí abẹ ń bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé sókè, bí ọba tilẹ̀ ń wòran yín. Mo wá na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì, mo ní, "Àbúrò mi, dákun, foríjì mí."

Ó mú bírò jáde nínú àpò rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà. Ìwé ni wọ́n fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ẹkún."