Àpò Àgbàdo Pupa Tí Mo Fún Làmídì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, kò sì jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn kan wá bi mí léèrè ìwà ọ̀rẹ́ mi, nítorí pé ọmọ wọn fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣaya. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ọ̀mùtí ni bàbá ọmọ náà. Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí n ó sọ fún wọn ló ń dẹ́rù bà mí.

Àgbẹ̀ ni mí, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìwéré-Ilé. Làmídì ni orúkọ ọ̀rẹ́ mi náà. Òun ni ladání mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa nígbà kan. Bí ó bá ń pe ìrun àárọ̀, àwa tó ń lọ sóko máa ń dúró kí ó pè é tán, nítorí pé ohùn rẹ̀ dùn.

Nígbà náà, irúgbìn àgbàdo tí à ń rà máa ń ní oògùn pupa lára, kí ó má baà jẹrà nínú ilẹ̀. Mẹ́kúrì ló wà nínú oògùn ọ̀hún, májèlé sì ni. Àwọn aláàánú kan lókè òkun wá gbé owó kalẹ̀ pé kí wọ́n fi gba irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa, kí wọ́n fún wa ní irúgbìn tí kò ní oògùn, kí wọ́n sì gbẹ́ kòtò onísìmẹ́ńtì tí wọ́n máa sin tọwọ́ wa sí. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága ètò náà nílùú wa. Yàrá mi kan ni wọ́n ń kó àwọn àpò náà sí kí mọ́tò tó wá kó wọn. Kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ mi mọ́, Alága ni gbogbo ìlú ń pè mí, èmi náà sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ọdún yẹn ni òjò kọ̀, tí ìyàn mú. Mo sì ti bẹ ọ̀wẹ̀ ebè kíkọ. Ọjọ́ ń sún mọ́lé, kò sí nǹkan kan nílé tí n ó fi bọ́ wọn. Ẹ̀yin náà mọ ìtìjú tó wà níbẹ̀, kí ènìyàn kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sóko, kí ó sì dá wọn padà pẹ̀lú ebi. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá, mo gbé àpò kan.

Mo kọ́kọ́ da díẹ̀ fún adìẹ. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ṣì ń yan kiri. Ìyàwó mi wá fọ àgbàdo náà títí omi rẹ̀ fi mọ́, a rò pé oògùn ti bá omi lọ. A sè é ní ẹ̀gbo. Gbogbo wa jẹ ẹ́, inú kò tilẹ̀ run ẹnì kankan.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, Làmídì dúró bá mi parí iṣẹ́ tó kù. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sí Ìsẹ́yìn, ó lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, oúnjẹ kò sì sí lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Mo fún un ní odidi àpò kan. Mo ní kó fọ̀ ọ́ dáadáa. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Òun nìkan ló ń jẹ ẹ́ títí iṣu tuntun fi dé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò fura sí àgbàdo náà, nítorí pé gbogbo wa la ti jọ jẹ nínú irú rẹ̀. Ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀nà. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pe ìrun, ohùn náà wọ́ nílẹ̀, àwọn ọmọdé ń fi í rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá ètò náà wá wo àwọn àpò, ó rí i pé wọn kò pé. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ẹni tó bá jẹ àgbàdo yẹn fún ìgbà díẹ̀, á máa gbọ̀n, á máa rìn bí ẹni tó mutí. Ó ní bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà, kí n sọ, owó wà nínú ètò náà láti gbé e lọ sí ọsibítù n'Ìbàdàn.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Rárá o, ọ̀gá. Eku ló jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀." Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á kó owó wọn kúrò nílùú wa. Ṣùgbọ́n kí n má tún purọ́ fún ẹ̀yin náà, orúkọ Alága ni n kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pe Làmídì. Ó búra pé òun kò fi ọtí kan ẹnu rí, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò jẹ́ kí ìbúra náà já gaara. Lèmọ́mù kọjú sí mi.

"Ìwọ lọ̀rẹ́ ẹ̀. Ṣé ó ń mutí ni?"

Mo ní, "Bàbá, n ò mọ̀."

Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ìpè ìrun lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, mo ń wo ilẹ̀.

Wọ́n ti di kòtò náà pa, ètò ti parí, wọ́n sì kí mi kú iṣẹ́. Làmídì kò lè di ọkọ́ mú dáadáa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ ilé. Ìbéèrè Lèmọ́mù yẹn náà ni àwọn tó fẹ́ di àna rẹ̀ yìí tún wá bi mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ ọ́ fún àwọn àna nìkan ni, àbí kí n dìde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn? Báwo ni n ó ṣe wo ojú Làmídì? Ọdọọdún ló ń fi iṣu tuntun ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fẹ́ yìí ló gbé ti ọdún yìí wá lánàá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá ní kí n kí yín, sà. Wọ́n ní àwọn ò lè gbàgbé àpò àgbàdo tí ẹ fún àwọn lọ́dún ìyàn."

Iṣu náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò tíì lè fọwọ́ kàn án.