Yóò Gbó Mọ́ Ọn Lọ́rùn

Ní ọjà Ore, mo jókòó kí ìyá onílẹ̀kẹ̀ bá mi tún ẹ̀gbà ọwọ́ mi tó já sín, ni obìnrin kan tí kò ì tíì pé ọgbọ̀n ọdún dé. Kò tiẹ̀ wo ọjà orí tábìlì.

“Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ti gbó ni mò ń wá, irú tọrùn yín yẹn.”

“Tuntun ni mò ń tà, ọmọ mi. Ìyá ọkọ mi ní Ajue ló fún mi ní eléyìí.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tà á fún mi. Ìyá mi ni mo fẹ́ rà á fún. Tiẹ̀ já sódò níbi tó ti ń fọ ẹ̀gẹ́, ó wá ní òun ò lè wọ tuntun láé.”

“Èmi ni eléyìí gbó mọ́ lọ́rùn. Àlòkù lásán ni yóò jẹ́ lọ́rùn tiẹ̀. Mú tuntun lọ. Kó wọ̀ ọ́ sùn, kó wọ̀ ọ́ lọ sóko. Yóò gbó mọ́ ọn lọ́rùn.”

Gbó mọ́ ọn lọ́rùn. Mo ṣì ń tún un pè lẹ́nu ara mi nígbà tí obìnrin náà wá ń ṣa àwọn tuntun wò.

“Méjì ni kẹ́ ẹ fún mi mà,” ló wí. “Kí tèmi náà ti máa gbó lọ.”