Wáṣà Tí N Kò Fi Sí Ọkọ̀ Làmídì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìkọ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun láti bí ọdún méjì. Oṣù tó ń bọ̀ ni ẹni tí mo ṣẹ̀ ń lọ sí Mẹ́kà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí.

Èmi àti Làmídì la jọ kọ́ iṣẹ́ fáíbà, ike líle tí wọ́n fi ń ṣe ara ọkọ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Ọ̀yọ́. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan ká gba fírídọ̀ọ̀mù, Làmídì fọ́ mọ́ọ̀dù, àwòṣe tí ọ̀gá fi ń ṣe bọ́ńpà. Ó ní èmi ni. Wọ́n fún un ní fírídọ̀ọ̀mù tirẹ̀ lójú ìyá mi, ẹni tó ti se oúnjẹ sílẹ̀ nítorí tèmi. Mo sin ọ̀gá fún ọdún kan sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìyẹn bí ẹ bá fẹ́ bú mi.

Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìnkùlé wa. Làmídì ní fáíbà ń yún òun lára, ó di awakọ̀. Lọ́jọ́ kan ó wa bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó fẹ́ kí n ṣe ìbòòrùn fáíbà sórí gíláàsì iwájú.

"Àlékún," orúkọ yẹ̀yẹ́ tó sọ mí ní Ọ̀yọ́ nìyẹn, ó sì pè é lójú ìyàwó mi. "Ṣé ọdún tí wọ́n fi kún un fún ẹ ti ṣiṣẹ́?"

"Ó ti ṣiṣẹ́," mo ní.

Fáíbà kì í ṣe irin, bí a bá dì í jù, yóò sán. Ọ̀gá kọ́ wa pé ká fi wáṣà, irin pẹlẹbẹ onihò tó fẹ̀, àti rọ́bà sábẹ́ bóòtù, ká sì dì í níwọ̀nba. Mi ò fi wáṣà kankan sí i. Mo dì í títí mo fi gbọ́ tó dún kẹ́ẹ́, mo wá fi ọ̀dà bo ibi tó sán. Mo sọ fún ara mi pé yóò kàn já ní Takie láàárín ìlú ni, káwọn awakọ̀ fi í ṣe ẹlẹ́yà. Irọ́ ni. Mo rò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló ti já. Ó fọ́ gíláàsì, àfọ́kù sì wọ ojú òsì Làmídì. Ọlọ́run yọ àwọn èrò. Ojú náà kò ríran mọ́.

Ẹ wo akọni. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo wà nígbà tí mo gbọ́. Bí ewúrẹ́ bá wúkọ́ lójúde, ọlọ́pàá ni létí mi.

Nígbà tó yá, Làmídì kó àgbàlagbà méjì wá, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo rí i tó ń mì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ni mo bá fi sípánà dì í sí i. Èmi ni mo ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́."

Orí àga ni mo jókòó sí. Mo ní, "Dìde, mo ti fi jì ẹ́." Ẹ jọ̀ọ́, ó dùn mọ́ mi ju oyin lọ.

Àná ó tún wá tọrọ àforíjì nítorí Mẹ́kà. Ó ka ti bóòtù. Mo dúró de ti mọ́ọ̀dù, kò sọ ọ́. Bó ti ń lọ, ó forí gbá òpó tó wà lápá òsì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọwọ́ ara mi ló ṣe mí."

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, èmi ni n ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò tíì bẹ̀ mí. Bí mo bá dákẹ́, yóò gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi dé Mẹ́kà, yóò sì fi ojú kan ṣoṣo sunkún lé e lórí.