Ẹ̀jẹ̀ Ló Ń Tán Lára Kẹ́mi, Wọ́n Ní Ọ̀lẹ Ni

Ògo! Mo ní ògo! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn yẹn, ẹ gbé ohùn sókè, ọ̀fẹ́ ni! Ògo ni fún Ọlọ́run tí kì í gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe tirẹ̀! Ògo!

Ẹ ṣeun, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, pásítọ̀ ti gbà fún mi. Ẹni tó bá ń wo aago, kó máa wò ó.

Ẹ mọ̀ mí, èmi ni ìyá Kẹ́mi, Rogers Park ní Chicago níbí ni à ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ mọ Kẹ́mi náà, àkọ́bí mi, tó ń fi tẹníìsì ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Iṣẹ́ oòjọ́ ni mo wí o! Nítorí nínú ìjọ yìí náà, àwọn kan ṣì máa ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pé, "Sísítà, ṣé Kẹ́mi ti wá ríṣẹ́ báyìí?" Ẹ kú ìbéèrè. Ọmọ tó ti gbá ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù kí ẹ̀yin tó fọ ẹnu yín, òun lẹ ń bèèrè bóyá ó ti ríṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó yé gbogbo wa. Tẹníìsì ní àsìkò. Tí ooru bá ti dé, láti oṣù Keje títí dé òpin oṣù Kẹjọ, àwọn agbábọ́ọ̀lù á kó wá sí Amẹ́ríkà yìí àti Kánádà, wọ́n á máa gbá a lórí kọ́ọ̀tù líle, èyí tí wọ́n fi kọnkéré ṣe, tí wọ́n kùn lọ́dà. Oòrùn ń jó wọn lórí, kọnkéré ń jó wọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan, ìlú kan. Ẹni tí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá lásìkò yẹn, orúkọ rẹ̀ á gòkè nínú ìwé tí wọ́n fi ń to ipò wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá dá, tirẹ̀ á wálẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, tọmọ mi wálẹ̀. Ó wálẹ̀ bí òkúta.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó na ọmọbìnrin kan mẹ́fà sí méjì ní sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ìyẹn abala eré àkọ́kọ́. Mo ti ń jó níbi iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di sẹ́ẹ̀tì kẹta, àfi bí ẹni tí wọ́n yọ bátìrì rẹ̀. Bọ́ọ̀lù á balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á kàn máa wò ó. Wọ́n borí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdíje márùn-ún tẹ̀léra, ìlú márùn-ún, kò kọjá ìpele kìíní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olúwa, mo dúpẹ́ pé ọjọ́ wọ̀nyẹn ti kọjá!

Ó ní kóòṣì kan nígbà náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, ibi mímọ́ ni. Ọkùnrin tí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn létí bí ohùn ara rẹ̀. Á jókòó sábẹ́ agboòrùn, á wọ gíláàsì dúdú, á máa mu omi tútù, á wá máa pariwo sí ọmọ tó ń sáré nínú oòrùn pé, "Ẹsẹ̀! Gbé ẹsẹ̀ rẹ!" Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ńkọ́? Ó nà á sórí àga.

Òun ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Màdáàmù, ẹ má bínú, ọ̀lẹ ni ọmọ yín. Àwọn tó bá fẹ́ nǹkan tọkàntọkàn, kì í rẹ̀ wọ́n."

Kì í rẹ̀ wọ́n! Ẹ gbọ́ ọ̀mọ̀wé!

Àwọn ọkùnrin orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà dìde. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú irin Red Line tán, òun ló jókòó tó ń kọ ọ́ pé Kẹ́mi kò lókun, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Wòlíì kan tún pè mí, ó ní ọwọ́ ayé ni, kí n gbé rákẹ́ẹ̀tì ọmọ mi wá kóun lọ gbàdúrà lé e lórí òkè. Mo ní, "Wòlíì, níbo lẹ wà?" Ó ní Chicago níbí náà ni. Chicago! Ìlú tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo! Òkè wo, wòlíì? Mo pa fóònù.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ìdíje ńlá ti New York bẹ̀rẹ̀, Kẹ́mi wálé wá sinmi. Ìdíje New York yẹn ni gbogbo ohun tó ti ń lé láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì ti gbà á sí ìpele àṣewọlé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Olympia Fields lẹ́yìn ìlú gbọ́ pé ó ti dé, ló bá ránṣẹ́ pè wá pé ká mú un wá lẹ́yìn ìsìn, òun fẹ́ gbà á nímọ̀ràn. Ẹ mọ Bọ̀dá. Òun ló jókòó síbẹ̀ yẹn tó ń tún táì rẹ̀ ṣe.

A débẹ̀. Kẹ́mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán sà." Ẹ̀yin àgbà, tí ọmọ bá kúnlẹ̀ kí yín, kí ni ẹ máa ń sọ? Ẹ ó ní kó dìde. Bọ̀dá kò sọ bẹ́ẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Kẹ́mi, mo ti bá ọ wo ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ralé, ìwọ ń lé bọ́ọ̀lù kiri bí ọmọ ajá. Ọdún wo lo fẹ́ gbọ́n?"

"Yes sà."

"Ta ló máa fẹ́ obìnrin tí kì í gbélé?"

"Yes sà."

Ó ń bá a lọ. Ọkọ mi ń wo ilẹ̀, èmi ń wo ọkọ mi. Nígbà tó rẹ Bọ̀dá, ó ní, "Ó yá, dìde." Kẹ́mi dìde. Ó na ọwọ́ sí àga, ọwọ́ rẹ̀ kò bá a. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, sórí kápẹ́ẹ̀tì.

Bọ̀dá ní, "Ẹ ẹ̀ ríran! Tíátà nìyẹn. Tí àgbà bá ti ń bá ọmọ òde òní wí, òyì á máa kọ́ wọn."

Mo kúnlẹ̀ ti ọmọ mi, mo fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀. Ibi tó yẹ kó pọ́n, funfun ló wà bí ìwé. Mo ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, funfun. Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ ti yé mi.

Mo sì rántí yìnyín, tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára rẹ̀ máa ń wá jẹ. Gbogbo ìgbà tó bá ti wálé lọ́dún yẹn, yìnyín ló ń jẹ, ife kan tẹ̀lé òmíràn, ó ń rún un bí ẹni ń rún ẹ̀pà. Èmi ń bá a wí pé eyín rẹ̀ máa kán. Èmi, nọ́ọ̀sì ọdún mọ́kàndínlógún! Tó bá jẹ́ arúgbó kan níbi iṣẹ́ mi ló ń jẹ yìnyín bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn gan-an ni ǹ bá ti ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọmọ ọlọ́mọ, mo mọ àìsàn wọn. Ọmọ tèmi, eyín ni mo rí. Ẹ ti gbọ́ bí mo ṣe ń fi àwọn ẹlòmíràn ṣẹ̀sín láti àárọ̀. Tí ẹ bá ń to orúkọ wọn, ẹ kọ tèmi sókè pátápátá.

Bọ̀dá ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sílé ìwòsàn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.

Dókítà tó gbà wá, obìnrin kékeré kan ni. Ó wo ìwé àyẹ̀wò, ó tún un wò. Ó ní, "Ta ló ń jẹ́ kí ọmọ yìí máa sáré?" Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó yẹ kó ní. Ó bi Kẹ́mi pé báwo ni nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe ń rí. Kẹ́mi wò mí, ó wo ògiri.

Ó ní, "It's a lot, Mọ́mì. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá."

Mo ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mo sọ fún coach. He said every woman has it."

Ẹ fún mi láyè kí n mí.

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n rí fáíbírọ́ìdì mẹ́ta, àwọn kókó tó hù sínú ilé ọmọ. Àwọn ló ń dà á lẹ́jẹ̀. Dókítà ní wọ́n gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára lọ́jọ́ náà gan-an. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, nítorí láàárín àwọn tó ń fi eré ìdárayá ṣe iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ sára láìgbàṣẹ. Àwọn oníjìbìtì ló fà á, wọ́n máa ń fi ẹ̀jẹ̀ wá agbára kún agbára.

Kóòṣì gbọ́, ó pe fóònù Kẹ́mi, èmi ni mo gbé e. "Màdáàmù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á sí i lára! Wọ́n máa yọ ọ́ kúrò ní New York! Ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa, kó kọ́kọ́ gbá a tán, lẹ́yìn náà kó wá ṣàìsàn."

Mo sọ fún dókítà. Obìnrin yẹn kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Tó bá sáré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ lè dá dúró lórí kọ́ọ̀tù. Ẹ bi kóòṣì yẹn bóyá ẹ̀fọ́ máa jí i."

Kẹ́mi bú sẹ́kún. Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo ayé mi ni mo fi dúró de ìdíje yìí." Kì í ṣe pé mo kọ́kọ́ gbàdúrà o. Mo kọ́kọ́ bá a sunkún. Lẹ́yìn náà mo ní, "Kẹ́mi, New York ò ní kúrò níbi tó wà. Ìwọ ni mi ò mọ̀ bóyá màá rí lọ́dún tó ń bọ̀." Kẹ́mi fi aṣọ ibùsùn nu imú, ó gba bírò, ó fọwọ́ ara rẹ̀ síwèé pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sóun lára. Ẹ yin Ọlọ́run! Ẹ bá mi yìn ín!

Ọkọ mi pe ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí òfin ẹ̀jẹ̀ yẹn. Obìnrin tó gbé e fetí sílẹ̀ títí ó fi sọ̀rọ̀ tán, ó wá ní, "Sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tọ́jú ọmọ yín ná. Kí dókítà kọ ìwé ránṣẹ́ sí wa. Kò sí òfin wa tó ní kí ènìyàn kú." Báyìí ni ẹni tí a ń bẹ̀rù ṣàánú wa, ẹni tó ń jẹun lára wa ní ká dúró ná. Lọ́jọ́ kejì, kóòṣì fi ìlà méjì ránṣẹ́ sí Kẹ́mi pé òun ti rí agbábọ́ọ̀lù mìíràn. Ọlọ́run, mo dúpẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló tètè lọ.

Wọ́n yọ fáíbírọ́ìdì náà. Ilé ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pé ṣánṣán. Fún oṣù mẹ́ta, kò fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló rí kóòṣì tuntun, ìyá kan ní Chatham ní Chicago níbí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní tẹníìsì láti ọjọ́ pípẹ́. Láràárọ̀, kí ìyá yìí tó fún un ní bọ́ọ̀lù kan, á ní, "Báwo lo ṣe sùn? Báwo lara?" Á wá dúró gbọ́ ìdáhùn.

Ooru ọdún yìí dé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, wọ́n borí Kẹ́mi. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́, nítorí àwọn kan nínú yín tètè pè mí láti bá mi kẹ́dùn. Ẹ yára gan-an ni. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo tẹ̀lé e lọ sí Ohio. Sẹ́ẹ̀tì kẹta dé nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo fi ọwọ́ bojú. Nígbà tí mo ṣí i, ọmọbìnrin kejì ni mo rí tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, tó ń wá èémí. Kẹ́mi mi ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó ń dúró dè é! Ó borí! Ó tún borí lẹ́ẹ̀mejì sí i! Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ni wọ́n ti dá a dúró, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta gbáko ló sì fi jà.

Bí a ṣe ń jáde, ta la rí lẹ́nu géètì? Kóòṣì àtijọ́, pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Ó la apá, ó ní, "Kẹ́mi! Mo máa ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé jagunjagun ni ọ́!"

Kẹ́mi ní, "Ẹ ṣé sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún mi, mo fẹ́ lọ na ẹsẹ̀ mi."

Ó yà. Èmi kò rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Inú ọkọ̀ ni mo ti rẹ́rìn-ín, omijé bọ́ lójú mi.

Bọ̀dá náà ti yí padà. Ó ti fi fọ́tò Kẹ́mi sójú WhatsApp rẹ̀, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀jẹ̀ wa." Bọ̀dá, nígbà tó ń tán lára rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì yín, ẹ̀jẹ̀ ta ni? Ẹ má bínú sà. Mo ti dárí jì yín. Mo kàn fẹ́ kí ìjọ mọ ohun tí mo dárí rẹ̀ jì ni.

Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ fún dókítà tó bèèrè ìbéèrè. Mo dúpẹ́ fún ìyá Chatham. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe pósí ni mo tẹ̀lé lọ́dún tó kọjá.

Ìwọ tí wọ́n ń pè lọ́lẹ, ní ibi iṣẹ́, nílé ọkọ, nílé ẹ̀kọ́, gbọ́ ohùn mi. Tó bá rẹ̀ ọ́, sọ ọ́. Tí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́, lọ sọ fún ẹlòmíràn. Lọ ṣe àyẹ̀wò, kí o sì gbàdúrà lọ síbẹ̀. Ọlọ́run tó mọ iye ẹ̀jẹ̀ tó dá sí ọ lára kò ní fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Kẹ́mi máa gbá bọ́ọ̀lù ní New York lọ́la ní aago mọ́kànlá. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa borí, òun náà kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó pè mí kí n tó wá síbí láàárọ̀, ó ní ebi ń pa òun, ó ti jẹ ẹyin mẹ́rin, ó ń wá ẹ̀karùn-ún. Ògo! Mo ní ògo!