Bàbá Tó Kú Sínú Fáìlì

Ìyá Aránṣọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní kí ọmọ-ọmọ òun wá jókòó.

"Oníbéèrè," ó ní, "ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń jẹrà láti ìgbà tí o ti kéré. Òní ni màá tú u jáde, nítorí mi ò lè gbé e mọ́. Tí o bá rí i pé mo ń dákẹ́, má jẹ́ kí n sinmi. Máa bi mí léèrè títí màá fi sọ ọ́ tán."

Ọmọbìnrin náà wò ó tìyanu-tìyanu. Torí ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Oníbéèrè, "Dákẹ́, ó tó" sì ni ohùn tí etí rẹ̀ mọ̀ jù. Kò sí àgbàlagbà tó bẹ̀ ẹ́ rí pé kó máa bi òun léèrè. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Aránṣọ bí láyé, obìnrin ni. Ọmọ náà fẹ́ ọkùnrin kan tó ń bá wọn kọ́ afárá, iṣẹ́ tí í gbé èèyàn lọ sí ibi tí fóònù kì í ti í wọlé. Nígbà tí àìsàn kọ lu obìnrin yìí, ọ̀nà jíjìn ni ọkọ rẹ̀ wà. Wọ́n pè é títí, kò wọlé. Kó tó gbọ́, kó sì tó dé, wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, Ìyá Aránṣọ sì ti di ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó ti gbé Oníbéèrè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń wọ bàtà, lọ sí ìlú mìíràn. Kò sọ ibi tó ń lọ fún ẹnì kankan. Ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

"Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìbínú ni," ó wí. "Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo mọ̀ pé tí bàbá rẹ bá dé, yóò ní kí n gbé ọmọ òun fún òun, kò sì sí èsì tí mo lè fọ̀. Ìwọ nìkan ló ṣẹ́kù fún mi. Mo jí ọ gbé, ọmọ mi. Kò lórúkọ mìíràn."

Nígbà tí ọmọ tó lọ sí ilé-ìwé, ó mú un lọ. Akọ̀wé ilé-ìwé náà, obìnrin kan tó máa ń ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè kó tó kọ nǹkan, bi í ní orúkọ ọmọ, ó bi í ní ọjọ́ ìbí, ó wá kan bàbá.

"Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, Màmá?"

Ìyá Aránṣọ la ẹnu. Ohun tó bọ́ jáde ni, "Ó ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni akọ̀wé wí, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì. Ọkùnrin tó ń jẹ, tó ń mu níbi iṣẹ́ rẹ̀ kú báyẹn, láìṣe àìsàn, láìfarapa.

Irọ́ kì í dá rìn, ó máa ń wá ẹnìkejì ni. Wọn ò tíì dé ilé lọ́jọ́ náà tí ọmọ fi bi í pé, "Màmá, kí ló pa bàbá mi?"

"Omi ni. Ó já bọ́ láti orí afárá."

"Ṣé wọ́n gbé e jáde?"

"Rárá."

"Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn?"

"Jẹ́ ká tètè máa lọ, òjò ń bọ̀."

Òjò kankan ò ṣú.

Láti ọjọ́ náà, Ìyá Aránṣọ kì í fẹ́ dé ọ́fíìsì ilé-ìwé mọ́. Ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn òbí pé kí wọ́n wá wo fáìlì ọmọ wọn, kí wọ́n ka ohun tí olùkọ́ kọ nípa rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ohun tó bá rú wọn lójú. Ìyá Aránṣọ á ní aṣọ àwọn oníbàárà ti pọ̀ jù lọ́rùn òun. Ẹni tó ri nǹkan mọ́lẹ̀ kì í fẹ́ kí ọ̀nà gba ibẹ̀ kọjá.

Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Oníbàárà kan wá ránṣọ, ẹni tó ti mọ ìyá Oníbéèrè rí. Ó wo ojú ọmọ náà títí, ó bi í ní ilé-ìwé tó ń lọ, ó gba aṣọ rẹ̀, ó lọ. Kò pẹ́ sí i ni akọ̀wé pe Ìyá Aránṣọ lórí fóònù.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọjú sí wa. Ọkùnrin kan wà níbí. Ó ní òun ni bàbá Oníbéèrè."

Tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn ló fi dé ibẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó ní etí àga ní iwájú ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, irun rẹ̀ ti ń funfun. Bó ṣe rí Ìyá Aránṣọ, ó dìde. "Màmá, ẹ kú ọjọ́ pípẹ́."

"Màmá," ni ọ̀gá àgbà wí, "ọkùnrin yìí ní òfin fún òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀ nílé-ìwé, ìbáà jẹ́ pé ọmọ ò gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ fáìlì wa ní bàbá ọmọ yìí ti kú. Mi ò lè gbé e fún òkú, mi ò sì lè gbé e fún àjèjì. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?"

Òtítọ́ wà ní bèbè ètè Ìyá Aránṣọ. Ó gbé e mì.

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ọkùnrin náà ò pariwo. Ó tẹ ojú mọ́ ọn, bí ẹni tó ń wá ibi tí okùn ti ta kókó. "Òkú?" ó ní. "Kí ni wọ́n ní ó pa mí?" Ọ̀gá àgbà ké sí ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọlé, ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Kó tó jáde, ó yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ fún mi. Ṣé ó ti mọ̀wé kà?"

Àkókò ìsinmi ni. Oníbéèrè dúró sí ẹ̀gbẹ́ omi ẹ̀rọ, ó ń fọ ọwọ́. Ó yà fún àwọn méjèèjì kí wọ́n lè kọjá. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Ọkùnrin náà ní, "Káàsán, ọmọ dáadáa," ó sì kọjá lọ.

"Mo wà lójú fèrèsé," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ọmọ kí bàbá, bàbá dá ọmọ lóhùn, ẹ ò mọ ara yín. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Kí n kàn pè yín ló kù, mi ò pè yín. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù."

"Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé," ni Oníbéèrè wí jẹ́jẹ́. "Mo rántí wọn. Wọ́n ń wẹ̀yìn nígbà tí wọ́n dé géètì. Àwọn ni?"

"Àwọn ni."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ọkùnrin náà kó ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ lọ sí iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fún un ní ìwé pé kí ilé-ìwé jẹ́ kó rí àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀. Àárọ̀ òní ni ọ̀gá àgbà pe òun àti Ìyá Aránṣọ pọ̀ sí ọ́fíìsì. Ìyá Aránṣọ ti múra èébú sílẹ̀. Kò rí èébú. Ọkùnrin náà ṣí fáìlì láti ojú ewé àkọ́kọ́, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí oúnjẹ tètè tán.

"Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Wọ́n ní kì í pẹ́ dé. Ta ló ń mú u wá láàárọ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ ṣé é, Màmá."

Ọpẹ́ yẹn dun Ìyá Aránṣọ ju ìgbájú lọ. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà dé ojú ewé kan, ó sì ti fáìlì náà sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ. Olùkọ́ kan ló ti kọ ọ́ síbẹ̀ láti ọdún tó ti pẹ́ pé ọmọ yìí kì í gbà láti bá kíláàsì gun afárá. Ó máa ń sunkún, ó sì ń béèrè bóyá ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi máa ń gbọ́ tí èèyàn bá pè é. *A ránṣẹ́ pe ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò yọjú.* Àwòrán kan wà pẹ̀lú rẹ̀: ilé kan nísàlẹ̀ omi, ọkùnrin kan jókòó sídìí tábìlì níbẹ̀, ó ń dúró de ẹnì kan.

Kò sí ẹni tó dí Ìyá Aránṣọ lọ́wọ́ láti ka ojú ewé yẹn. Òun ló dí ara rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti là," ó ní. "Mo sọ fún ọ̀gá yín pé mo mọ̀ ọ́n, ọkọ ọmọ mi ni, èmi ni mo fi ẹnu pa á. Bàbá rẹ ní kí n fẹnu ara mi sọ fún ọ, torí tí o bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, o lè má gbà mí gbọ́ mọ́ láé."

Oníbéèrè tún fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Wọn ò kú rárá? Wọn ò sí nínú omi?"

"Wọn ò sí nínú omi rí. Ọmọ mi, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí, ìyẹn á pọ̀ jù fún ọ. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ pé kí o máa rò ó wò. Tí ìwọ náà bá sì dàgbà, tí o ní ọmọ, bó ti wù kí o fẹ́ràn rẹ̀ tó, má ṣe fi í pa mọ́ fún ẹni tó ń wá a tìfẹ́tìfẹ́. Ọmọ náà lo máa fi ṣòfò."

"Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

"Níta. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì."

Ọmọbìnrin náà dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Màmá, inú ń bí mi sí yín."

"Mo mọ̀."

"Àmọ́ ẹ má ti ilẹ̀kùn."

Ìyá Aránṣọ ò kúrò lójú kan. Ó gbọ́ tí bẹ́ǹṣì dún bí ọkùnrin náà ṣe dìde. Ó gbọ́ tí ọmọ náà kí i, tó sì wá dákẹ́, bí ẹni tí kò mọ èwo gan-an ni òun yóò kọ́kọ́ béèrè.