Ìwé Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ẹ má kọ orúkọ mi sára ilẹ̀kùn yẹn. Orí ibùsùn ni lẹ́tà yín ti bá mi, dókítà sì ti ní kí àwọn ọmọ mi má jìnnà. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi orúkọ mi pe yàrá tí àwọn ọmọ tuntun ti ń kọ́ṣẹ́, torí pé mo lo ogún ọdún nídìí kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́ wa láìṣe àṣìṣe. Irọ́ ni. Lẹ́tà náà bí mi nínú, èmi fúnra mi ni mo sì ń bínú sí jù. N ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Èmi àti Àǹtí Jẹ́jẹ́ la jọ ń jókòó sídìí tábìlì kan. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́; torí pé kì í kánjú tẹ bọ́tìnì kankan ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. A máa ń pín ojú kọ̀ǹpútà sí méjì: lápá òkè la ti ń tún ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé kọ, lápá ìsàlẹ̀ la ti ń dán an wò. Ṣùgbọ́n bí o bá tún un kọ lókè tí o ò séèfù ẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú ẹ̀ pa mọ́, ti àtijọ́ ni ìsàlẹ̀ máa dán wò fún ọ, wàá sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, kí Àǹtí tó fọwọ́ síwèé tó ń jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ ti pé, ó máa ń bi mí pé, "Àbúrò, o séèfù ẹ̀?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ètò tó ń fún àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn kan ní ọjọ́ tí wọn yóò rí dókítà là ń tún ṣe. Ọ̀gá wa yọjú lẹ́ẹ̀kẹta. "Ṣé ẹ̀ ń kọ ètò yìí ni, àbí ẹ̀ ń bí i?"

"A ti ń rọbí, sà," ni Àǹtí wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo dán an wò, ó jáde dáadáa. Àǹtí bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Mo ní, "Mo ti séèfù ẹ̀, Àǹtí." Ó fọwọ́ síwèé, ó lọ mumi. Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè, tí mo rí i pé n ò séèfù nǹkan kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ìbá gbà mí láti tún un dán wò. Èmi aláìnítìjú, mo séèfù ẹ̀ wẹ́rẹ́, mo fi ránṣẹ́ sílé ìwòsàn láìtún un dán wò, mo dákẹ́.

Ètò náà fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ gbogbo èèyàn. Àwọn aláìsàn kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí dókítà wọn ò sí, àwọn arúgbó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá gbé ìwé síwájú wa. "Ta ló fọwọ́ sí èyí?"

"Èmi ni, sà," ni Àǹtí wí. Mo jókòó tì í. Kì í ṣe pé wọ́n rán ẹnu mi pọ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Kọ̀ǹpútà ńlá náà máa ń tẹ ìwé tó ń fi aago iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan hàn jáde nínú yàrá tútù tó wà. Ti ọjọ́ yẹn fi hàn pé aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo dán ètò wò, tí mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ séèfù ẹ̀ ní aago méjì ààbọ̀. Ìwé yẹn ìbá gba Àǹtí sílẹ̀. Mo yọ ọ́, mo ká a sínú ìbọ̀sẹ̀ mi. Nígbà tí ọ̀gá ní ká wá a, èmi ni mo ṣáájú àwọn tó ń wá a.

Wọ́n lé Àǹtí. Bó ṣe ń kó ẹrù sínú páálí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò mi, má bínú. Ó ní láti jẹ́ pé ojú mi ló fò ó. Díẹ̀ ló kù kí n bà ọ́ lórúkọ jẹ́."

Mo ní, "Kò sí nǹkan, Àǹtí. Ó ń ṣẹlẹ̀." Ẹ gbọ́ ọ̀dájú. Èmi ni mo ń dárí jì í.

Mo ti gbé ìwé náà kiri láti ìlú dé ìlú. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ bá mi wá Àǹtí. Bó bá wà láàyè, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ka lẹ́tà yìí fún. N ò bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Kó bínú tẹ́rùn, lẹ́yìn náà, bó bá lè ṣe é, kó dárí jì mí. Bó bá sì di dandan kí ẹ kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn yẹn, ìbéèrè rẹ̀ ni kí ẹ kọ, kí àwọn ọmọ tuntun máa gbójú sókè wò kí wọ́n tó dáhùn: "Àbúrò, o séèfù ẹ̀?"